Mo Kúnlẹ̀ fún Ẹni tí Kì í Ṣe Onílé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo lọ wá yàrá fún ọmọ-ọmọ mi ní àdúgbò Bertrams ní Johannesburg, tí èmi àgbàlagbà sì di ohun tí wọ́n ń gbé nílẹ̀ bí àpò ìrẹsì.

Àníkẹ́ ni ọmọ-ọmọ mi yìí. Ó ti lo ọdún kan ní yunifásítì kan létí òkun kó tó sọ pé òun fẹ́ kọjá sí èyí ńlá tó wà ní Braamfontein, ní Johannesburg níbí. Wọ́n gbà á, inú wa dùn. Àṣé wọn ò gba ibi tí yóò sùn mọ́ ọn! Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà ti kún, ẹni tó bá sì ti yunifásítì mìíràn wá, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló ń tò sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè kúrò ní Polokwane, ni wọ́n bá ní kí èmi tẹ̀lé e. A wọ̀ sọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi ní Rosettenville, nínú ilé tí àwọn ọmọ ti ń sùn bí ẹja inú agolo.

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ti dé, a ò tíì rí nǹkan kan. Gbogbo yàrá tí a rí ní Braamfontein, bí owó rẹ̀ kò bá lé wa, á jẹ́ pé kò ní fèrèsé. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ lórí fóònù pé bí a kò bá ríbi tó dáa kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí ọmọ padà síbi tó ti wá. Èékánná ni Àníkẹ́ ń jẹ.

Ni a bá gbọ́ pé yàrá kan kù nínú ilé àtijọ́ kan ní Bertrams. Àníkẹ́ sìn mí dé ẹnu géètì, torí ó ṣì ní káàdì tó fẹ́ gbà ní yunifásítì.

"Màmá, ẹ ṣá jókòó níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á kí n tó dé. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o!"

Ó ti sáré lọ. Mi ò bi í ta ló nilé. Ṣé ó yẹ kí àgbà máa béèrè ohun tí ojú lè rí ni?

Ojú mi sì rí i. Bàbá arúgbó kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń nu ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yanjú: bàbá nilé, ọmọ yìí ń bá a ṣiṣẹ́.

Mo kí bàbá. Òyìnbó tèmi kò pọ̀, tirẹ̀ náà kò pọ̀, nítorí náà a gbọ́ra wa yé dáadáa. A kì í sì lọ kí onílé lọ́wọ́ òfo, mo bá fa iṣu kan yọ nínú báàgì mi. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kàn án kóín kóín, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Igi wo nìyí?"

"Oúnjẹ ni, bàbá."

Ó mi orí, ó wá gbé elégédé kan jáde nínú àpò tirẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹnu yà mí. Irú onílé wo ló ń fún ayálégbé lẹ́bùn? Mo ní lọ́kàn mi pé Àníkẹ́ ti ríbi gbé.

Ara bá tù mí, mo di ará ilé. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn bu omi wá fún bàbá. "Yebo, Gogo," ló wí. Gogo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí, "bẹ́ẹ̀ ni" sì ni yebo. Mo wọ inú yàrá, mo rí ibùsùn méjì, mo ti fi èkejì sílẹ̀ fún ara mi nígbà tí mo bá wá kí ọmọ. Mo fi jàǹkáriwọ̀ hàn án lókè àjà. "Yebo, Gogo." Mo ní kó gbá abẹ́ ibùsùn. "Yebo, Gogo." Mo tún ní, "Ọmọ dáadáa, lọ wọ nǹkan tó balẹ̀, bàbá àgbà wà nínú ilé." Ìyẹn nìkan ni kò dáhùn. Bàbá ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ṣí fìlà dání, ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló ń dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí a padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ tó àsìkò. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣàánú ọmọ mi. Bí kò bá rí yàrá yìí, ó di dandan kó padà."

Ojú bàbá yọ. Òun náà kúnlẹ̀!

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tèmi náà ń kọ́?"

Ọlọ́run mi, onílé tó nírẹ̀lẹ̀ tó báyìí! Mo tẹ̀ ba sí i. Ó tẹ̀ ba jù mí lọ. Bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀, títí orúnkún mi fi sọ pé òun ò ṣe mọ́. Mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Bàbá nawọ́ mú ọ̀pá, ọ̀pá yọ̀ lọ lórí omi, ó ta elégédé nípàá, elégédé sì yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn, ó dúró lẹ́sẹ̀ Àníkẹ́ àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń wọlé bọ̀.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Baba Onílé ni mò ń bẹ̀."

"Ìyá onílé lèmi ń bẹ̀!" Bàbá ló wí bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọmọbìnrin kejì. Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ni, tí òun náà wá wá yàrá fún.

Ẹni tó ń nu ilẹ̀ bá na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Èmi ni mo nilé. Gogo mi ló fi í sílẹ̀ fún mi kó tó kú."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Gogo ò bi mí. Gogo ní kí n bu omi wá."

"Eish," ni bàbá wí látilẹ̀.

Wọ́n gbé wa dìde, bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Mo wo ojú Àníkẹ́, ó ti rẹ̀ wẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò péńpé ń pariwo létí mi. Mo ti fẹnu ba yàrá ọmọ jẹ́! Kí ni mo lè ṣe? Mo tiro lọ sí ilé ìdáná, mo bu omi, mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ gbé e fún onílé.

"Gogo, rárá! Ta ló máa tún gbé yín?"

Ẹ̀rín gbé e jókòó. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní láti ìgbà tí ìyá àgbà òun ti lọ, kò sí ẹni tó bá òun rí jàǹkáriwọ̀ yẹn. Ó ní ẹni méjì tí kò ní máa jà lòun ń wá sí yàrá náà, torí àwọn tó kúrò níbẹ̀, ìjà lórí ìkòkò ọbẹ̀ ló lé wọn. Ó wo àwọn ọmọ wa méjèèjì. Wọ́n jọ gbá elégédé mọ́ra, omi ẹ̀rín ń dà lójú wọn.

"Ẹ̀yin méjì yìí ń kọ́?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le: kọ́kọ́ béèrè ta ló nilé kí o tó kúnlẹ̀, bí orúnkún rẹ bá sì ti gbó, di ògiri mú. Bàbá máa ń pè mí lórí fóònù, "Ìyá Onílé" ló ń pè mí, "Baba Onílé" lèmi náà ń pè é. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá iṣu yẹn dùn. Ó ní òun ti gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti yọ ewé. Ó ní òun ṣì ń wo òkè, òun ń retí ìgbà tí yóò so.

Mi ò tíì ní ọkàn láti sọ fún un.