Ìṣẹ́jú Méjì Tí Mo Fi Kí Èèyàn Tán

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn tí kò fẹ́ dìde, bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò rántí ilé. Ọjọ́ náà ni mo lọ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àdúgbò wa ní Wakefield, lókè òkun níbí, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti àbúrò mi Kọ́lá ti ń ta igbó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Igbó náà ni mo wí, ìwé àṣẹ ìjọba sì wà lára ògiri wa.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Kọ́lá nígbà tí ọlọ́pàá bá igbó lápò rẹ̀ ní Highbridge. Igbó ọ̀hún ò lè kún ṣíbí tíì. Ó sun àtìmọ́lé, ilé ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọsibítù tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà bọ́. Màmá wa, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wẹ àwọn arúgbó ẹni ẹlẹ́ni nílùú yìí, tó tún jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ní Kọ́lá ti wọ́ orúkọ àwọn nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ oúnjẹ tí Kọ́lá bá sè mọ́.

Ìgbà tó yá, òfin yí padà. Ìjọba ní àwọn tí òfin àtijọ́ ṣe lọ́ṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún láṣẹ àtitajà. Bí àbùkù Kọ́lá ṣe di ilẹ̀kùn tí a gbà wọlé nìyẹn. A ra àga onítìmùtìmù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, fún Màmá. Wọn ò wá jókòó níbẹ̀ rí.

Nígbà tí àwọn kan ládùúgbò ní àwọn ò fẹ́ wa, wọ́n pe ìpàdé, ẹni kọ̀ọ̀kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Mo bẹ Màmá títí wọ́n fi gbà láti wá. Kọ́lá ò lè dá ọ̀rọ̀ náà sọ, ló bá wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ ọ́," ló wí. "Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ya ọmọ burúkú. Kí Màmá gbọ́ ọ níbi tí wọn ò ti ní lè dìde lọ."

Mo gba máìkì. Bàbá tó bí mi ò kọ́ mi kí n la ẹnu láàárín àgbà láìkí wọn. Mo kí alága, ìyá kan tó wọ gíláàsì. Mo kí àwọn tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, mo kí ti òsì kí wọ́n má bàa bínú. Mo kí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo kí àwọn tó ń lọ. Mo kí wọn kú òjò. Mo wá fi òwe kan tọrọ gáfárà, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ yẹn gùn ju òwe lọ. Mo wá gbé ohùn sókè: "Àbúrò mi, Kọ́lá..."

Gbàgàn! Agogo lù.

"Àkókò yín ti pé, sà," ni alága wí.

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ ń ṣe bó bá fẹ́ bẹ àgbà? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan péré kún un.

"Jéésù! Ó ti ṣubú!" Obìnrin ará Jàmáíkà kan ló figbe ta.

"Ọjà ẹ̀ ló mu!" ni ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ti pe áńbúláǹsì. Mo fẹ́ dìde, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan fi ọwọ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀: "Ẹ má mira, bàbá!" Ìgbà náà ni Màmá dìde pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀!" Wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Kò mu nǹkan kan! Ọmọ dáadáa ni. Ó ń bẹ̀ yín ni!"

 Láti abẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo ti rí Kọ́lá lẹ́bàá ògiri. Láti ọjọ́ Highbridge ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ wàyí. Èmi ni wọ́n ń wí, kì í ṣe òun.

Nínú áńbúláǹsì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ìtìjú ló rú u sókè. Kọ́lá jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí òjò, ẹ ò ráyè ti tèmi." Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rín in, àfìgbà tí mo rí i pé tirẹ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín.

Àdúgbò gbà wá láyè ṣá. Àánú mi ló ṣe wọ́n, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ní màá fara balẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Kọ́lá fún Màmá lọ́jọ́ Sunday. Ó di Sunday tó tẹ̀ lé e. Yìnyín ọdún yẹn ò tíì yọ́ tán tí Màmá fi kú.

Lónìí, mò ń lọ láti ìpàdé dé ìpàdé, títí dé Albany, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, mò ń gbẹnu sọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́bí bíi tiwa. Bí mo bá ti gba máìkì, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ní, "Kọ́lá lorúkọ àbúrò mi. Ọmọ dáadáa ni." Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu, kó tètè sọ ọ́; ìkíni lè dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá ń kí wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí òjò ni agogo ti bá mi. Kọ́lá rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú mi sì ń wá fìlà ṣọ́ọ̀ṣì kan láàárín èrò.