Ẹ̀dọ̀ Badmus Alápatà Lọ Ya Fọ́tò

Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkàrẹ́, Mọ́júbọ́lá, tó máa ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara, ń nu ibùsùn lọ́wọ́ nígbà tí Badmus alápatà, ará Ọ̀kà, wọlé. Jálàbíà funfun báláú ló wọ̀, ó ti fi lọ́fínńdà sára, ó sì dúró ṣánṣán láàárín yàrá bí ẹni tó ń retí kámẹ́rà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ bọ́ jálàbíà yẹn, kí ẹ wá dùbúlẹ̀."

"Kí n bọ́ ọ kẹ̀? Safinat ìyàwó mi ní fọ́tò ni mo wá yà."

"Fọ́tò ẹ̀dọ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀dọ̀ kì í wọ jálàbíà."

Badmus rò ó díẹ̀. "Ṣùgbọ́n inú jálàbíà ló wà."

Ó bọ́ ọ, ó ká a sórí àga, ṣùgbọ́n kò ṣí fìlà kúrò lórí.

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun?" ni Mọ́júbọ́lá bi í. "A ti ní kí ẹ má jẹun wá."

"Mi ò fẹnu kan oúnjẹ."

"Kí lẹ wá fẹnu kàn?"

"Ọkà."

"Mo mọ̀ pé Ọ̀kà lẹ ti wá. Kí lẹ jẹ ni mo ń bi yín."

"Ọkà ni mo jẹ ní Ọ̀kà. Àwọn àgbà ló ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Oúnjẹ lẹ ní kí n má jẹ, ẹ ò ní kí n má lo oògùn."

"Ìgbà wo lẹ lo oògùn náà?"

"Kí n tó kírun àsùbáá."

Mọ́júbọ́lá wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti ga. "Á ti dà báyìí. Ẹ dùbúlẹ̀. Abẹ́ ìhà ọ̀tún yìí ni màá gbé ẹ̀rọ sí."

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Badmus tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn.

"Ta ló dárúkọ abẹ? Wọ́n ní kò sí abẹ níbẹ̀."

"Abẹ́ ni mo wí, Bàbá. Ìsàlẹ̀ ìhà. Kò sí ohun tó máa gé yín."

"Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ìsàlẹ̀ ló yẹ kó máa sọ."

Ó jókòó sí etí ibùsùn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìbráhìm, ikùn rẹ̀ ló wú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ńlá mú díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Ó ní òun fẹ́ lọ mú aṣọ wá nílé. Kò padà. Ìgbà tá a fi máa gbé e dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Láti ìgbà tí Safinat ti ní kí n wá, èmi náà ti ń lọ mú aṣọ."

Mọ́júbọ́lá gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. "Ọlọ́run á forí jìn wọ́n. Eléyìí ò ní gún yín. Ńṣe ló máa ta yín níhà, bí ìgbà tí ọmọdé bá fìka ta yín. Ìgbì rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ. Tí ẹ̀dọ̀ bá ti le, ìgbì yẹn á sáré kọjá. Tó bá rọ̀, á rọra lọ. Bó ṣe yára tó ni ẹ̀rọ á fi mọ̀."

"Ẹ̀dọ̀ ọ̀lẹ la fẹ́ nìyẹn."

"Ọ̀lẹ gan-an."

"Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, á jọ mí."

Ó padà dùbúlẹ̀. Mọ́júbọ́lá fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa á níhà.

"Ṣé o fẹ́ dín in ni?"

"Kì í ṣe òróró, Bàbá. Ẹ gbé apá ọ̀tún sókè. Ẹ má mí."

Badmus na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Kò síbi tó mì lára rẹ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń fẹ́ bí ẹwìrì.

"Bàbá, ẹ̀ ń mí."

"Èmi? Wo ẹsẹ̀ mi. Wo ìka mi. Kí ló mì níbẹ̀?"

"Mí ni mo wí. Ẹ má mí."

"Mi ò mì."

"Imú yín ń mí, Bàbá."

Badmus fi ìka méjì di imú mú. "Ó ti dúró. Kò lè mì mọ́." Ó pa ẹnu dé. Ẹ̀rọ náà ta á pọ́.

"Ó ti tó. Ẹ mí báyìí."

Ni Badmus bá gbọn gbogbo ara látorí dé ẹsẹ̀. Ibùsùn ń ké, fìlà já bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"O ní kí n mì."

"Èémí ni mo ń sọ. Kí ẹ mí èémí."

"Yorùbá ẹ yìí, bí ọ̀nà orí òkè ló rí. Bó ṣe ń gòkè ló ń sọ̀, èèyàn ò mọ ibi tó yẹ kó ti tẹ bíréèkì."

Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni Mọ́júbọ́lá fi ń bá a sọ̀rọ̀. Tó bá gbé e sókè, Badmus á dá èémí dúró. Tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á jẹ́ kó jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Badmus nu ìhà rẹ̀, ó sì na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ.

"Èwo lẹ̀dọ̀ níbẹ̀?"

"Èyí tó funfun yìí."

"Ẹ̀dọ̀ kì í funfun. Gbogbo màlúù tí mo ti pa, pupa rúsúrúsú ni tiwọn."

"Ohun tó sọ tiyín di funfun ni pé ọ̀rá pọ̀ níbẹ̀."

Badmus rọra jókòó. "Ọ̀rá dúdú ni, àbí ti píọ́wọ́tà?"

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀rá dúdú la fi ń di ẹran fún oníbàárà. Tó bá ta kókó jù, eyín ni mo fi ń tú u. Èyí tó já sí mi lẹ́nu, mo rò pé mo ń tu ú dànù ni."

"Ọ̀rá ara ni, Bàbá. Ọ̀rá bíi ti ẹran."

"Mi ò mutí rí láyé mi."

"Ọtí nìkan kọ́ ló ń fà á. Mínírà ńkọ́?"

Badmus gbójú sókè àjà. "Mínírà kì í ṣe harámù."

"Ṣé ojoojúmọ́ lẹ̀ ń mu ú?"

"Mi ò kí ń mu ú tí mo bá ń gbààwẹ̀. Tá a bá ti ṣínu, màá mu ti ọ̀sán mọ́ ti alẹ́."

Ó fọwọ́ kan ìhà ọ̀tún rẹ̀. "Líle rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò le. Ìgbì yẹn rọra lọ ni. Ẹ tètè wá, Bàbá. Dókítà á bá yín sọ ìyókù, ṣùgbọ́n ọ̀rá yìí ṣì lè lọ. Ẹ jáwọ́ nínú mínírà, ẹ dín ẹran ọlọ́ràá kù, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Tó bá di oṣù mẹ́fà, ẹ padà wá ká tún wò ó."

Badmus fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní jẹ́ẹ̀lì ló ta sí i lójú. Mọ́júbọ́lá ò bá a jiyàn.

"Ká ní orí tábìlì yín ni ẹ̀dọ̀ yìí wà," ló bi í, "ṣé ẹ máa tà á?"

"Màá tà á." Ó tún wo àwòrán náà pẹ́. "Mi ò kàn ní tà á fún ẹni tí mo fẹ́ràn."

"Ẹ yáa tọ́jú ẹ̀."

"Màá tọ́jú ẹ̀."

Ó ń wọ jálàbíà rẹ̀ padà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Mọ́júbọ́lá bá a mú un lórí àga. "Ìyàwó yín ni. Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Màá ní wọ́n fi ẹ̀rọ wo gbogbo inú mi, wọn ò rí obìnrin mìíràn níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò lè rí ìyẹn."

Badmus fi ìka kan ètè, ó gba fóònù. "Rọra sọ̀rọ̀. Òun ò mọ̀."