Akíntọ́lá, Olùṣọ́ Ọjọ́ Ìbí

Ọdún wo gan-an ni wọ́n bí Alàgbà Akíntọ́lá? Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìjọ àwa Yorùbá ní Nkembo, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Mo mọ ọjọ́ ìrìbọmi gbogbo ọmọ ìjọ, mo sì mọ ẹni tó ń sùn nígbà ìwàásù. Ìbéèrè yìí nìkan ni mi ò rí dáhùn. Mo ti bi Olúwa pàápàá. Ó dákẹ́, bí Ó ti máa ń dákẹ́ sí mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin náà hàn yín. Akíntọ́lá Ọ̀gá Ẹ̀rọ! Akíntọ́lá a-tẹ-bọ́tìnì-bí-ẹni-tẹ-dùùrù! Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ta igi gẹdú ní àdúgbò Glass, òun nìkan ló sì ní kọ̀ǹpútà nílé nínú gbogbo ìjọ. Aṣọ funfun ló fi ń bò ó, bí wọ́n ti ń bo oúnjẹ Olúwa. Bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà, á ní, "Olúwa, Ìwọ tí Ò ń ṣírò láìtẹ bọ́tìnì kankan," a ó sì ṣe àmín, torí a ò mọ ohun mìíràn tí à bá ṣe.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà, owó tí à ń ná níbí, sí méjì. Ká tó jí, owó ọkọ̀ dé Èkó ti di ìlọ́po méjì, ilé wá jìnnà sí wa ju bí Ọlọ́run ti dá a lọ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìjọ tó bí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ lẹ́tà sí wa: àjọ̀dún ń bọ̀, àwọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kan, àlọ àti àbọ̀. Kí a fún ẹni tó dàgbà jù lọ láàrin wa, kó wá bá àwọn gbàdúrà.

Ọkàn gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Adébímpé, tó ń rán aṣọ akọrin. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ìyá kò délé. Ojú àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣókùnkùn, dókítà sì ti ní kò ní í pẹ́ mọ́ tí kò ní í ríran rárá. "Kí ó rí mi, kí n rí i," ni Ìyá máa ń wí, "kó tó di pé ohùn mi nìkan ni yóò máa gbọ́."

Akíntọ́lá dìde láàrin ìpàdé.

"Ẹni tó dàgbà jù? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ọjọ́ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ ká kó ọjọ́ ìbí gbogbo wa sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kì í ṣègbè."

Pásítọ̀ wa, tó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ ju Èṣù lọ, ní kó máa ṣe é.

Ó gbé kọ̀ǹpútà wá nínú takisí, lórí itan, bí ọmọ ìkókó. Ó tò ó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé onílà kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní tableur: àpótí kéékèèké lóríṣiríṣi, èyí fún orúkọ, èyí fún ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú imú Alàgbà wú ni mákírò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kọ kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé. Ó fi mákírò yìí ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ọjọ́ ìbí tí ènìyàn mú wá kò bá tọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ á ké "Pìì!", á sì kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé: Date non valide.

"Ọgbọ̀n ọjọ́ nínú oṣù kejì? Pìì!" ó ń ṣàlàyé fún wa. "Oṣù kẹtàlá? Pìì! Ọjọ́ tí kò tíì dé? Pìì! Ẹni tó bá sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ̀ṣọ́ á bi í ní nọ́ńbà ìwé ìbí. Ẹni tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, áńgẹ́lì ò ní í bi í ní nǹkan kan mọ́."

Ìyá Adébímpé mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde látinú lọ́rá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, akọ̀wé ìjọba á wo irun rẹ̀, á wo ojú rẹ̀, á fojú díwọ̀n ọdún kan, á sì fi "vers", ìyẹn "nǹkan bíi", síwájú rẹ̀. Ti Ìyá ni: née vers 1914.

Akíntọ́lá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Pìì!

"Ìyá, ọjọ́ wo gan-an?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ń bo ilé bàbá mi ni. Òjò ti ṣú, gbogbo ọkùnrin wà lórí òrùlé, kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe ìyá mi."

"Ọjọ́ kelòó, nínú oṣù kelòó?"

"Mo ní òjò ti ṣú."

"Òjò kì í ṣe oṣù, Ìyá! Vers kì í ṣe ọjọ́! Ẹ̀rọ mi ò mọ òjò."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀rọ náà?"

"Ọdún méjì."

"Abájọ," ni Ìyá wí.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àpótí Ìyá ṣófo síbẹ̀, ẹni tí àpótí rẹ̀ bá sì ṣófo, mákírò ò ní í kà á mọ́ ènìyàn. Mo fà mọ́ Alàgbà, mo ní, "Ẹ ṣáà kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1914 fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbòmíì."

Ó wò mí bí ẹni wo ẹlẹ́ṣẹ̀. "Akọ̀wé! Ṣé kí n parọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni?"

Ìyá ká káàdì rẹ̀ sínú lọ́rá, ó padà sídìí máṣínì ìránṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú kó tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Nígbà tó kan olùṣọ́ fúnra rẹ̀, ó kọ 14/08/24. Ìyẹn ni pé Alàgbà wa, tí irun rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ti pé àádọ́rin ọdún. Ìwé ìbí ńkọ́? Ó ní ó jóná. Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́? Ó ti kọ àṣẹ kan sínú mákírò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń jẹ́ Akíntọ́lá, kí ó máa kọjá, kí ẹ̀ṣọ́ má bi í ní nǹkan kan. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó tún ń yangàn: "Ṣé onílé á máa kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ ni?"

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan mú ìwé ọdún 1922 wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Alàgbà "rántí" pé 1921 ni wọ́n bí òun. Lọ́sẹ̀ kẹta, Bàbá Ọmọ́lẹ́wà, kápẹ́ńtà tó ń gbé ní àdúgbò Derrière la Prison, dé pẹ̀lú ìwé ìbí gidi: ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, 1920. Alàgbà tún rántí. Oṣù kẹjọ ọdún 1920 ì bá ti tó o, torí oṣù kẹjọ ṣáájú oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n ó ní, "Àgbà wo ló ń fi oṣù mẹ́ta péré ju ọmọdé lọ?" Ló bá tẹ 14/08/19. Ojú ẹ̀rọ sì gbé e jáde bó ti tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́: 14/08/19. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi dàgbà ní ọdún márùn-ún! Láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ̀ lé ọ̀pá, bó bá rántí mú un. Ó ń húkọ́ àgbà. Bó bá pàdé Bàbá Ọmọ́lẹ́wà, á ní, "Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Bàbá Ọmọ́lẹ́wà á wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí.

Mo gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Olúwa, Ìyá tó ń rán aṣọ akọrin Rẹ nìyí. Ṣé Ò ń wò ó?" Mo dúró de èsì. Atẹ́gùn etí òkun ló fèsì: ó gbá fèrèsé dé.

Ọjọ́ Àìkú tí wọn yóò ka orúkọ pé. Agbádá funfun Alàgbà fẹ̀ débi pé ènìyàn méjì ló ní láti sún kó tó jókòó. Ó pe àlejò pàtàkì wá wo ògo rẹ̀: Monsieur Jean-Claude, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Glass. "Kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ̀sùn kàn mí," Alàgbà ní kí Ornella tẹ ìwé náà jáde, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpòòwé láìjẹ́ kí òun pàápàá rí i. Ornella wà nínú akọrin, akọ̀wé sì ni nínú ọ́fíìsì kan. Ibí ni wọ́n bí i, Faransé sì máa ń já lu Yorùbá lẹ́nu rẹ̀: "Tonton" ló ń pe gbogbo àgbà ọkùnrin. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló to orúkọ láti orí àgbà dé orí ọmọdé, tó sì kọ ọdún ìbí ní pípé àti ọjọ́ orí ẹnìkọ̀ọ̀kan sí i.

Ornella ya àpòòwé. Alàgbà ti dìde kó tó lanu.

"Nọ́ńbà kìíní: Bàbá Ọmọ́lẹ́wà. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin."

Gbogbo wa yíjú sí Akíntọ́lá. Kò mì.

"Wọ́n fi ọba sí ìkẹyìn ni," ó wí. "Ornella, máa kà á lọ."

Pásítọ̀ ní, "Alàgbà, ṣé kí a má dúró síbẹ̀?"

"Rárá o! Ẹ kà á dé ìdí. Ẹ̀rọ kì í ṣègbè."

Ó wà lórí ìdúró. Ogún orúkọ kọjá. Ogójì kọjá. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í la agbádá já. Wọ́n dé orí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n dé orí Loïc, tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń mu ọmú lọ́wọ́. Ó wá ku orúkọ kan.

Ornella tún ìwé wò. Ó yí ìwé sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Tonton, ṣé kí n kà á?"

"Kà á sókè!"

"Nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta: Alàgbà Akíntọ́lá. Ọjọ́ ìbí, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọdún 2019. Ọjọ́ orí... moins vingt-cinq."

Àwọn tó gbọ́ Faransé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fáwọn yòókù: ó ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó bí Alàgbà. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Ìyá Loïc gbé ọmọ rẹ̀ sókè: "Loïc, kí àbúrò rẹ!"

"Irọ́ ni!" Akíntọ́lá ké. "Ẹ̀rọ ló ṣìwí!"

"Non, Tonton," Ornella wí. "Nọ́ńbà méjì péré lẹ kọ fún ọdún. Láti 20 lọ sókè, ẹ̀rọ yìí á gbà pé 1920 lọ sókè lẹ ń wí. Láti 19 wá sílẹ̀, á rò pé 2019 wá sílẹ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ yín ì bá ké pìì, mais ẹ̀yin lẹ ní kó má bi Akíntọ́lá ní nǹkan kan. Mo rí i nínú mákírò yín nígbà tí mo ń tẹ ìwé yìí jáde."

Ọdún kan péré! Ká ní ó dúró lórí ogún ni, ì bá ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní ń tẹ́.

Ṣé ó wá dákẹ́? Akíntọ́lá kì í dákẹ́. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Wọ́n ti bí mi! Ẹ gbọ́ o, wọ́n ti bí mi! 1919 ni wọ́n bí mi! Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni mí!" Kí àlejò rẹ̀ má baà pàdánù rẹ̀, ó yíjú sí i, ó tún un sọ ní Faransé.

Jean-Claude ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ kálámù.

"1919?" ó béèrè ní Faransé. "Nínú fáìlì wa, 1941 ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé sẹ́fà, a ti ń dá àwọn tó lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta padà sílé. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wá sunkún níwájú mi pé ọ̀dọ́ ni yín? Mo fẹ́ ẹ̀dà ìwé ìpàdé òní lórí tábìlì mi lọ́la, Monsieur Akíntọ́lá."

Alàgbà jókòó. Agbádá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Ọmọ́lẹ́wà wá dìde. "Wọ́n ní èmi ni nọ́ńbà kìíní. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n agbo ilé kan náà ni èmi àti Adébímpé ti wá, òun ló sì pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ bá mi bi ẹ̀rọ: ṣé ẹni tí wọ́n pọ̀n lè ju ẹni tó pọ̀n ọ́n lọ?"

Pásítọ̀ ò bi ẹ̀rọ kankan. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀, ó fi lé Ìyá lọ́wọ́. Ìyá fi ìdí aṣọ nu ojú.

"Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ máa gbéra?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá."

"Ó pẹ́ jù," Ìyá wí. "Mo ti di ẹrù láti oṣù kẹsàn-án."

Halelúyà gba ilé kan. Wọ́n ní Olúwa ló ṣe é. Ṣé Olúwa ni, àbí ẹ̀rọ tí kò mọ ọdún tó ṣáájú ogún? Mi ò mọ̀. Mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún Ìyá, ọ̀kan fún ara mi.

Bí a ti jáde, níbi tí mo ti ń dúró de takisí, ẹnì kan fà mí láṣọ. Alàgbà ni. Kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì húkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ ìwé ìpàdé òní?"

"Èmi ni."

"Ṣé 1919 lẹ máa kọ?"

"Ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ ni, Alàgbà. Gbogbo ìjọ ló gbọ́."

"Ẹ dákun, ẹ má kọ ohun tí mo sọ. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni kí ẹ kọ. 2019 yẹn dára."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ Ọlọ́run pé wọn ò tíì bí yín?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ bá mi ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí wọn ò tíì bí, wọn ò lè ní kó lọ fẹ̀yìn tì."