Ìlà Bùrọ̀dá

Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n abẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ ni káàdì báǹkì rẹ̀ wà. Ìyá ní kò ní í kúrò níbẹ̀ àfi tí owó bá ṣẹ́ kù lópin ọdún nínú ìwé ètò owó tó bá ṣe sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé owó ni ẹ̀gbọ́n yìí. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì ìjẹun.

Ẹ̀GBỌ́N: Owó tó ń jáde dà?

ÀBÚRÒ: Òun nìyí. Ọkọ̀, oúnjẹ, dátà, bàtà.

Ẹ̀GBỌ́N: Bàtà lóṣooṣù? Ẹsẹ̀ mélòó lo ní?

ÀBÚRÒ: Oṣù kìíní ni mo ra ọ̀kan. Mo wá fà á wálẹ̀ dé oṣù kejìlá. Ẹ̀yin lẹ ní kéèyàn má jókòó máa tẹ nǹkan kan náà nígbà méjìlá.

(Ẹ̀gbọ́n pa bàtà mọ́kànlá rẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé, ó tún un wò.)

Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo èyí ló ṣẹ́ kù? Tèmi gan-an kì í ṣẹ́ kù tó báyìí.

ÀBÚRÒ: Ẹ máa ń náwó jù ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni ìlà tí wọ́n kọ “Bùrọ̀dá” sí yìí?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni mò ń ṣe nínú owó tó ń wọlé?

ÀBÚRÒ: Ẹ ń wọlé. Oṣù kìíní ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì, oṣù kejì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo mú méjèèjì, mo fà wọ́n wálẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Oṣù kejìlá ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Ẹ ṣeun gan-an.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló bá ẹ sọ ọ́?

ÀBÚRÒ: Kọ̀ǹpútà. Ó ń fi ẹgbẹ̀rún kan kún un lóṣooṣù. Ẹ ní kì í ṣàṣìṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Yọ mí kúrò.

(Ó yọ ọ́. Owó ìsàlẹ̀ di pupa, ó di gbèsè.)

ÀBÚRÒ: Oṣù kẹta rèé tí Màmá ti gba káàdì mi, Bùrọ̀dá. Mò ń dé ibi iṣẹ́ kí ààrò tó gbóná, síbẹ̀ mò ń tọrọ owó ọkọ̀ nínú owó ara mi. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀GBỌ́N (ó rọ ohùn): Ó dáa. Dá owó oṣù méjì tí mo fún ẹ lóòótọ́ padà sínú ìwé. Kó o dín dátà kù.

ÀBÚRÒ: Dátà kẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Dín in kù.

(Ó dín in kù bí ẹni tí wọ́n ń gé ìka rẹ̀. Owó ìsàlẹ̀ kúrò ní pupa.)

ÀBÚRÒ: Igba ló kù.

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá ṣáà ní kó ṣẹ́ kù. Mo fọwọ́ sí i. Lọ fi hàn wọ́n.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti rí ti àkọ́kọ́ láàárọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n rí ìlà tèmi?

ÀBÚRÒ: Òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní kí n ṣe irú ìlà Bùrọ̀dá yẹn fáwọn náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má fà yín wálẹ̀ lóṣooṣù.

(Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà dé.)

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá fojú àánú wò mí.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí n fà yín.