Ọjọ́ Tí Mo Ṣí Ìkànnì Mi Níwájú Músíbáù

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ náà ni mo ta kánópì síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kawo, tí mo wọ ṣáàdà tuntun, tí mo sì pe àwọn èèyàn pàtàkì jọ kí wọ́n lè wá wo bí ojú yóò ṣe ti Músíbáù. Ohun tí mo sọ fún wọn kọ́ nìyẹn o. Ohun tí mo sọ ni pé mo fẹ́ ṣí ìkànnì tí iṣẹ́ mi ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wá bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kì í ṣe ará àdúgbò wa, mo lè sọ òótọ́ fún yín.

Kọ́tìnnì ni mo ń rán, kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ní Kaduna wa níbí, tí wọ́n bá fẹ́ mú ìyàwó lọ sílé ọkọ, yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kọ́tìnnì tó dára, nítorí náà iṣẹ́ ò wọ́n wa. Àwọn oníbàárà kì í pe orúkọ mi. "Mai labule" ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn bàbá oníkọ́tìnnì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Mai labule méjì ló wà. Èkejì ni Músíbáù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi ní òdìkejì títì. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, èmi ni mo kọ́ Músíbáù bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n títí dòní.

Àbúrò yìí ló kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn onígíláàsì sí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú un mọ́ra. Ó gbé pátákó tó ń tànmọ́lẹ̀ kọ́. Mo tún mú un mọ́ra. Àfi lọ́jọ́ tí oníbàárà mi kan na fóònù sí mi lójú tó ní, "Mai labule, irin wannan nake so," pé irú èyí lòun fẹ́. Mo wò ó, iṣẹ́ Músíbáù ni! Kọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà, Músíbáù fúnra rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Músíbáù ti ní ìkànnì! Mo wo ìkànnì náà títí dátà mi fi tán, mo tún lọ ra òmíràn kí n lè rí i jowú dáadáa.

Ohun tó wá dá kún un ni Hàjíyà kan tó ń kọ́ ilé àlejò sí Ungwan Shanu. Yàrá ibẹ̀ pọ̀, fèrèsé pọ̀ ju yàrá lọ. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yẹn ti rí iṣẹ́ ọdún gbáko gbà. Hàjíyà ti dé ọ̀dọ̀ Músíbáù, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní òun ò tíì mọ ẹni tóun máa gbé e fún. Ó wá bi mí pé, "Kai ba ka da website ne?" Ṣé èmi ò ní ìkànnì ni? Kíá ni mo ti dáhùn pé mo ní, pé ó kù díẹ̀ kí n ṣí i, pé òun gan-an ni mo sì fẹ́ kó wá bá mi ṣí i. Irọ́ pátápátá. Gbogbo ohun tí mo ní nígbà náà kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìlara lọ.

Mo sáré lọ bá Ṣadé ní Hayin Banki, nítòsí ilé mi. Iṣẹ́ ṣíṣe ìkànnì fún èèyàn ló ń ṣe. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Òyìnbó àti Hausa ló máa ń fi dáni lóhùn.

Mo ní, "Ṣé o mọ ìkànnì Músíbáù?"

"Na san shi, Uncle," pé òun mọ̀ ọ́n.

"Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe tèmi. Ohun tó wà lókè, kó wà lókè. Bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀, kó wà nísàlẹ̀. Fọ́tò mi nìkan ni kó tóbi ju tiẹ̀ lọ."

"Everything else the same?"

"Gbogbo ẹ̀! Má yọ nǹkankan."

Nígbà tó parí rẹ̀, ó ní ká fi han èèyàn bíi mélòó kan kí wọ́n tẹ gbogbo ibẹ̀ wò, ká lè mọ ibi tó bá kù sí. Mo ní, "Haba, Ṣadé! Ṣé wọ́n máa ń gbé ọmọ tuntun káàkiri kó tó di ọjọ́ ìkómọ ni? Ojú ayé pọ̀." Mo ní kó tì í pa, kí ẹnikẹ́ni má rí i títí di ọjọ́ náà. Ìyàwó mi pàápàá ò rí i. Lọ́jọ́ kejì, Ṣadé fi ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Èmi rò pé àdúrà tí àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀ ni, mi ò kà á. Mo dá a lóhùn pé, "Àmín." Mo sì padà sórí ìkànnì mi, mo ń wo fọ́tò mi.

Ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Tòlú, ṣé kọ́tìnnì lẹ fẹ́ tà ni, àbí Músíbáù lẹ fẹ́ bá jà?" Mo ní ọ̀rọ̀ okòwò kò yé e. Àga iwájú pátápátá ni mo fi Músíbáù sí, kí n lè máa rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà náà gbàdúrà, nítorí àwa Yorùbá Kaduna kì í pe ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ààfáà rí i pé àdúrà pásítọ̀ dùn létí èèyàn, ó bá ṣe tiẹ̀ gùn. Pásítọ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kóun fi díẹ̀ kún un. Mo rí i pé ìlara ò mọ sọ́dọ̀ èmi nìkan. Kí a tó ṣàmín ìkẹyìn, iná ti lọ, láptọ́ọ̀pù tí mo yá náà sì kú fin-ín. Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ mi títí abíyá ṣáàdà tuntun fi ya, kò jí. Ta ló dìde? Músíbáù. Ó sọdá títì, ó tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ó na wáyà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú," ló wí. Òkùnkùn ìbá tẹ́ mi lọ́rùn ju iná yẹn lọ.

Hàjíyà gé ríbọ́ọ̀nù tí mo so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Pùròjẹ́kítọ̀ gbé àwòrán jáde sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tí a ta sára ògiri. Fọ́tò tí mo ní kó tóbi ti tóbi kọjá ààlà, ihò imú mi méjèèjì nìkan ni gbogbo àlejò ń wò. Hàjíyà ní, "Masha Allah," ṣùgbọ́n mo rí i pé kò mọ ohun tó ń wò. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fọwọ́ bo ẹnu.

Kò burú. Hàjíyà ṣí ìkànnì náà lórí fóònù tirẹ̀, ó ní, "To, bari in fara," pé òun ni yóò jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́. Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì níwájú gbogbo èèyàn, mo yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Hàjíyà tẹ bọ́tìnnì ìpè. Gbogbo wa dákẹ́. Fóònù mi náà dákẹ́.

Àkùkọ kan kọ. Àwọn èèyàn ń wo abẹ́ àga. Ó tún kọ. Músíbáù ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé e sétí. "Hello? Wa ke magana?" Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó tún jáde nínú fóònù Hàjíyà. Àwọn méjèèjì bá ń wo ara wọn. Àkùkọ ti kọ, pásítọ̀ sì ń wò mí bíi pé èmi ni Pétérù.

Ṣadé pariwo láti ẹ̀yìn, "Uncle! I told you his number is still there! You said Amen!"

Músíbáù wo fóònù, ó wo ògiri, ó wo àwọ̀ ìkànnì rẹ̀ tó wà yí imú mi ká, ó wá wò mí. Ó ti yé e. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, iṣẹ́ Ungwan Shanu sì ti di tirẹ̀. Èmi ìbá sọ ọ́ ká ní èmi ni. Ó ní, "Hajiya, yayana ne. Yau ni nake ɗaukar wayarsa, yana da baƙi." Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí, pé òun ló ń bá mi gbé ìpè lónìí nítorí mo ní àlejò.

Hàjíyà pàtẹ́wọ́. "Ashe aikinku ɗaya ne! Madalla." Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, kí àwa méjèèjì jọ rán kọ́tìnnì náà.

Ká ní ó bú mi ni, mo mọ èsì tí màá fọ̀. Ṣùgbọ́n oore yẹn dùn mí wọra. Lórí gbogbo ohun tí Músíbáù ní, mo tún wá ń jowú inú rere rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ la ti rán kọ́tìnnì Hàjíyà, nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣadé sì rìnrìn àjò kó tó ráyè yí nọ́ńbà padà. Tí oníbàárà mi bá ti pè, Músíbáù á yọ sí etí títì, á pariwo, "Ẹ̀gbọ́n o! Wọ́n ń pè yín!" Màá sáré sọdá láàárín mọ́tò àti kẹ̀kẹ́, màá lọ gba oníbàárà mi lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ọ̀nà á máa wò mí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n: ẹni a bá ń nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ìwọ tí o bá sì fẹ́ ṣí ìkànnì, fi ọwọ́ ara rẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kí o tó pe pásítọ̀ àti ààfáà.

Ó pẹ́ tí nọ́ńbà náà ti di tèmi. Síbẹ̀, láàárọ̀ àná, ohùn kan ké láti òdìkejì: "Ẹ̀gbọ́n o! Wọ́n ń pè yín!" Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo ti sọdá títì kí n tó rántí. Músíbáù ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ó ti bu tíì dè mí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jókòó, mo gba tíì.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí kọ̀rọ̀. Ara ò tù mí mọ́ láti àná.