Pánẹ́ẹ̀lì Rédíò Lẹ́yìn Gáùn Ìyàwó

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, gáùn funfun ló sì ṣíwájú olùpẹjọ́ wọlé. Ìyá Aránṣọ gbé e lé apá méjèèjì bí ọmọ tuntun, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Wáyà, ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fajú ro bíi pé òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Ọjọ́ Sátidé ni ìyàwó fẹ́ wọ aṣọ yìí. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mo ń rán láti ọjọ́ yìí wá, gáùn ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé fún mi nìyí. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀!"

Àwọn ìjòyè na ọrùn. Ìlà dúdú tín-ín-rín gba gbogbo ẹ̀yìn gáùn náà kan, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì.

"Ta ló ya máàpù síbẹ̀?" Ọba bèèrè.

"Máàpù kọ́, Kábíyèsí," Bàbá Wáyà dáhùn. "Pánẹ́ẹ̀lì rédíò ni. Ilé ni mo ti ń ṣe é fúnra mi. Mo máa tẹ àwòrán ọ̀nà iná sórí bébà dídán, mo máa dojú ẹ̀ bo pátákó tí wọ́n fi bàbà bò lójú, mo máa fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Yíǹkì á kúrò lára bébà, á lẹ̀ mọ́ bàbà. Tí mo bá wá rì í sínú ásíìdì, ásíìdì á jẹ gbogbo bàbà tí yíǹkì ò bò. Èyí tó kù niná máa gbà kọjá."

"Báwo ló ṣe wá dé ara gáùn?"

"Fáànù fẹ́ gbé bébà mi lọ, mo bá tì í bọ abẹ́ gáùn lórí tábìlì. Gáùn wúwo."

"Wọn ò sọ fún mi o!" Ìyá Aránṣọ figbe ta. "Mo dé, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo lọ aṣọ mi."

"Ẹ rí i?" ni Bàbá Wáyà wí. "Ó ti fa yíǹkì mi lọ! Kọ̀ǹpútà tí mo fi yà á sì ti kú. Kábíyèsí, èmi ló yẹ kí n pẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n gé ẹ̀yìn gáùn yẹn, mo ṣì lè wò ó yà."

"Mo gbé!" ni Ìyá Aránṣọ wí, ó di gáùn mọ́ àyà.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, pé kó wá jẹ́rìí.

"Àbúrò mi ò tiẹ̀ dé yàrá ìránṣọ lọ́jọ́ yẹn."

"Òun fúnra ẹ̀ ní òun débẹ̀," ni Ọba wí.

"Tó bá ní òun débẹ̀, ó débẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kò pẹ́."

Ọ̀rẹ́ ọkọ, tó ń tún fóònù ṣe, yọ síwájú. Ó wo gáùn títí.

"Ọ̀rẹ́, òdì lèyí wà! Ṣebí àwòrán máa ń yí padà tó bá kúrò lára bébà. Ó yẹ kó o kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lódì. Tó bá jẹ́ orí bàbà lo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni, ìdí rédíò yẹn ì bá jó."

"Ṣebí mo fi hàn ẹ́, o ní ó dáa!"

"Mo ní ó dáa lóòótọ́. Mi ò ní ó máa ṣiṣẹ́."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ti fọ gáùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, yíǹkì ò ṣí. Ta ló tún máa gbé gáùn fún òun lẹ́yìn èyí?

Ọba gbọ́wọ́ sókè.

"Bàbá Wáyà, ìwọ lo mọ ìlà yìí jù. Gba abẹ́rẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun wẹ́wẹ́ ni wàá rán bo gbogbo ẹ̀, kó tó di alẹ́ Fúráìdé. Ibi tí ìyàwó ẹ bá ti rí dúdú, á tú u, wàá tún un rán. Ní Sátidé, ìwọ lo máa gbé ìrù gáùn tẹ̀lé ìyàwó tuntun. O ò sì gbọdọ̀ dárúkọ rédíò."

Bàbá Wáyà káwọ́ lérí. Ọkùnrin tó lè fi wákàtí méjì ṣàlàyé gílóòbù iná kan ṣoṣo!

"Kábíyèsí, tí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ ọnà wo nìyí ńkọ́?"

"Sọ pé ìyàwó ẹ ló mọ̀ ọ́n ṣe, o ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Ìyá Aránṣọ nu ojú, ó sì na abẹ́rẹ́ sí ọkọ rẹ̀.