Sídai Tó Ń Dán Bí Péálì

Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ni! Bí ẹ bá ń mu kọfí lọ́wọ́, ẹ gbé ife sílẹ̀ kí kọfí má baà gba imú yín jáde, torí pé ọ̀rọ̀ Ranganayaki, ìyá Madhavan, ni mo fẹ́ sọ.

Ní òpópónà tó wà lẹ́yìn adágún tẹ́ńpìlì ní ìlú Kumbakonam, kò sí ẹni tí kò mọ Ranganayaki. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ á fi ara rẹ̀ hàn yín. Á ní, "Èmi Ranganayaki, tí mo bá wo ìyẹ̀fun lójú, ìyẹ̀fun á di sídai." Sídai ni kiní róbótó tí a máa ń dín fún ọjọ́ ìbí òrìṣà Krishna: ìyẹ̀fun ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú, bọ́tà, àgbọn díẹ̀, yànmọ̀tí díẹ̀. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n bó bá dé ẹnu, kẹ́kẹ́kẹ́! Títí kan eyín tó ti ń mì, gbogbo wọn á máa jó.

Fún ọdún méjìlá gbáko, sídai Ranganayaki ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé síwájú Krishna nínú gbọ̀ngàn àdúrà òpópónà náà. Fún ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń kì í: Ranganayaki Ọba Agbada! A-dín-má-jóná! Iyì-ìyẹ̀fun, ọkọ epo gbígbóná! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn ní oríkì ọ̀hún o, ẹni tó bá sì gbàgbé ìlà kan, á rán an létí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ya èèyàn lẹ́nu. Kò sí ẹni tó tíì rí i rí níbi tó ti ń dín in. Tí ọdún bá ti ku ọ̀la, á ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná gbágbá. "Ojú ayé kò dáa," á ní. "Tí ojú ayé bá kó sínú epo, sídai á bínú." Sesadiri ọkọ rẹ̀ á wà lórí pèpéle iwájú ilé, á na ìwé ìròyìn bo ojú, kò ní sọ nǹkan kan. Ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí ojú rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìwé ìròyìn yẹn.

Vaidehi, ìyàwó tuntun Madhavan, gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò nílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ sídai kọ́ ló wà lọ́kàn tirẹ̀ rárá, Dipavali, ọdún ìmọ́lẹ̀, ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Dipavali àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ilé ìyá ìyàwó ni tọkọtìyàwó ti ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ ní Srivilliputhur ti ra aṣọ tuntun pa mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fi bírò pa ọjọ́ kọ̀ọ̀kan rẹ́ lára kàlẹ́ńdà. Vaidehi náà ti ń di ẹrù díẹ̀díẹ̀ sínú àpótí búlúù kan lábẹ́ ibùsùn, bẹ́ẹ̀ oṣù méjì ṣì wà níwájú.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí Krishna ku ọ̀sẹ̀ kan, Vaidehi lọ fa omi nídìí kànga ẹ̀yìn ilé. Ló bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ìyá Madhavan, ọdún méjìlá rèé." Chellammal ló ń sọ̀rọ̀, opó arúgbó tó ń dá gbé nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ọjà. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mò ń gbé sídai wọlé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mò ń gbà jáde. Mi ò bèèrè nǹkan ńlá. Kí ẹ ṣáà ní kí wọ́n dá orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré nínú gbọ̀ngàn, kí Krishna gbọ́ pé èmi náà wà láyé."

"Orúkọ ta? Tìẹ?" Ranganayaki rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dún wọnwọn. "Wo sídai rẹ ná! Ó la yẹ́kẹyẹ̀kẹ bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀! Ọdọọdún ni mo máa ń bẹ àlejò kí wọ́n má wo ara rẹ̀, kí wọ́n ṣáà jẹ ẹ́. Máa lọ, jàre! Ìyẹ̀fun tí èèyàn máa pò, tó máa yí, kí ló le níbẹ̀?"

 Chellammal fi etí aṣọ sárì rẹ̀ nu ojú, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Gbàmù! Garawa Vaidehi já sínú kànga.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Garawa ló bọ́."

"Kí lo gbọ́?"

"Garawa náà ni mo gbọ́, Màmá."

Inú Ranganayaki kò dùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò wá jókòó sórí pèpéle bí ìṣe wọn, orí ìyàwó ló da gbogbo ìbínú náà lé.

"Ẹ bá mi wo ìyàwó tí ọmọ mi fẹ́. Kò mọ sídai ṣe! Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ni ìyá rẹ̀ ti ń rà á. Mo ti sọ fún un, kò ní lọ sí ilé ìyá kankan fún Dipavali, àfi tó bá lè ṣe sídai tó ń dán bíi péálì."

"Háà! Dipavali àkọ́kọ́?" Gbogbo wọn pariwo. Vaidehi gbé àwo kọfí dání lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń rí aṣọ tuntun náà, ó ń rí kàlẹ́ńdà àbúrò rẹ̀.

Pattabiraman, olórí gbọ̀ngàn àdúrà, ń kọjá lọ, ikùn rẹ̀ ṣáájú bí ẹni tó ń ṣí ọ̀nà fún un. Ó dúró. "Ìyá Madhavan, mo ti jẹ tìrẹ fún ọdún méjìlá. Ìlà máa ń wà lára rẹ̀ dáadáa."

"Mo ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlà sí i ni," Ranganayaki dáhùn wàrà. "Ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí ojú ti àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ ti tó wàyí!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì kò kúkú wá dín in nínú àgbàlá gbọ̀ngàn, lójú gbogbo wa?"

Ẹlòmíì ì bá ní orí ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n irọ́ tí Ranganayaki ti ń pa láti ọdún méjìlá ti wá dùn ún lẹ́nu débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Màá dín in lójú gbogbo yín! Bí tèmi bá bàjẹ́ tí tọmọ yìí sì dáa, orí ara mi yìí ni màá fi ru ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ rélùwéè!"

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà náà tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Sesadiri ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ̀yin náà gbọ́." Ó tún na ìwé ìròyìn, ó sì padà sẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Vaidehi fi kan ilẹ̀kùn Chellammal.

"Ṣé ìyá ọkọ rẹ ló rán ẹ?"

"Rárá o, Ìyá. Àpótí mi ló rán mi."

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fà á wọlé. Wọ́n yan ìyẹ̀fun lórí iná díẹ̀, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n tún un jọ̀. Wọ́n po iyọ̀ sínú omi kó má ku hóró kan. Nígbà tó wá kan yíyí, Vaidehi fi àtẹ́lẹwọ́ yí tirẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Chellammal gbá a lọ́wọ́ pẹ́ẹ́.

"Má tẹ̀ ẹ́! Ṣé ọmọ tuntun tí wọ́n ń wẹ̀ ni? Yí i wẹ́rẹ́, kí o jù ú sórí aṣọ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i."

"Ìlà tó wà lára rẹ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"Imú rẹ̀ nìyẹn. Ooru inú rẹ̀ máa gba ibẹ̀ jáde. Tí mo bá dí imú tìẹ báyìí, kí lo máa ṣe?"

"Màá la ẹnu."

"Sídai ò lẹ́nu."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi fò sí wọn nírun.

Ọjọ́ dé! Wọ́n ti fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ipasẹ̀ ọmọdé wínníwínní, bíi ti Krishna ọmọ jòjòló tó ń wọlé, láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ dé ọ̀dọ̀ ère rẹ̀. Wọ́n tan iná sábẹ́ agbada méjì nínú àgbàlá. Èrò kún dé orí ògiri. Ranganayaki wọlé nínú sárì ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé, òdòdó jásímìnì tó so mọ́ irun gùn dé ìdí rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n bí lónìí.

"Màmá, ẹ ò ní jọ̀ ìyẹ̀fun yẹn?" Vaidehi béèrè jẹ́jẹ́.

"Jọ̀ kí ni? Ṣé o rí ẹ̀gbin lára tèmi ni?"

Ó da iyọ̀ sí i ní hóró-hóró, ó pò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Àh, ẹ ò rí yíyí! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ̀ mọ́ra gan-in. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi bọ́tà kùn, tó ń fi àtàǹpàkò pa ojú rẹ̀ dé, tó sì ń gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò sí ìlà kan, kò sí ihò kan. Ó gbé àwo kiri lójú èrò. "Ẹ wò ó! Ẹ lè fi wo ojú bíi dígí!" Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Vaidehi, ó yọ ṣùtì. "Gìgísẹ̀ àgbẹ̀ rèé o! Lọ tú àpótí rẹ, ọmọ mi."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹ̀yìn pátápátá, arúgbó kan húkọ́.

Ranganayaki da gbogbo àwo náà sínú epo lẹ́ẹ̀kan náà. Epo hó ṣàà. Ó yíjú sí èrò, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gba ìkíni.

Tàú!

"Kí nìyẹn?" Pattabiraman béèrè.

Tàú! Tàú-tàú! Gbàù!

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Sídai ń fò! Ọ̀kan kọlu fáànù, fáànù gbá a padà. Ọ̀kan bọ́ sínú kọfí Sesadiri. Àwọn obìnrin gbé àwo idẹ bo orí, sídai sì ń dún lórí rẹ̀, kan-an, kan-an! Ẹnì kan ṣí agboòrùn. Pattabiraman wọ abẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò bá a wọlé. "Ẹ pa iná! Ẹ pa iná!" ló ń ké. Ta ló fẹ́ sún mọ́ ọn? Ranganayaki sá sẹ́yìn ìdérí ìkòkò ńlá kan, ó ń na ṣíbí sí agbada, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀wọ́! Jọ̀wọ́! Èmi mà ni! Ranganayaki ni!"

Agbada kò mọ Ranganayaki. Gbàù!

Nígbà tó dákẹ́, kò sí ẹni tó fara pa, ọpẹ́lọpẹ́ àwo idẹ. Ìyẹ̀fun funfun ti bo òdòdó orí Ranganayaki. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ohùn kan ṣoṣo ló wá, ti Sesadiri tó tọ́ kọfí rẹ̀ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀," ó ní.

Ló bá kan Vaidehi. Gbogbo èrò ti sún sẹ́yìn dé ògiri.  Ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú epo, ó di ojú. Epo hó. Ó ń hó. Kò sí tàú, kò sí gbàù. Láti inú ìlà kọ̀ọ̀kan ni ìfóófòó tín-ín-rín ti ń jáde, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó fi ajọ̀ irin gbé wọn sókè, wọ́n pọ́n bíi wúrà, wọ́n sì ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ariwo ta!

Pattabiraman jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo fẹ́ gbé e síwájú Krishna. Orúkọ ta ni kí n dá?"

Vaidehi wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo òpó ẹ̀yìn. "Ẹ dá ti Ìyá Chellammal, bàbá. Àwọn ló kọ́ mi."

Wọ́n dá a, sókè ketekete. Arúgbó náà di òpó mú gbágbá, omijé sì ń bọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e síwájú Krishna, Pattabiraman sọ ọ̀kan sẹ́nu. Kẹ́kẹ́kẹ́. Ó dúró. Ó sọ òmíràn sí i. Ojú rẹ̀ là. "Ẹ dúró ná. Mo mọ èyí! Èyí tí mo ti ń jẹ láti ọdún méjìlá nílé Ìyá Madhavan gan-an rèé! Báwo ló ṣe jẹ́?"

Gbogbo orí yí sí Ranganayaki. Ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára òdòdó orí rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ni ìdáhùn ti wá. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn," Sesadiri ní.

Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ẹyẹ tẹ́ńpìlì fò kúrò lórí òrùlé.

Nígbà tí Dipavali ku ọ̀la, Ranganayaki gbìyànjú ọgbọ́n kan. Ó jáde pẹ̀lú pọ́ọ̀sì Vaidehi lórí. "Ẹrù ni mo ní màá rù. Ṣebí ẹrù ni èyí náà?" Sesadiri kò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó gbé àpótí búlúù jáde, ó rọra gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lórí, ó sì tò ó kó má yẹ̀. Ni ìrìn bá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òpópónà tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kì í, wọn kò sì fo ìlà kan: Ọba Agbada! A-dín-má-jóná! Vaidehi àti Madhavan wọ rélùwéè. Chellammal gbé agolo sídai kan lé Vaidehi lọ́wọ́ látojú fèrèsé, èyí tó fi ránṣẹ́ sí ìyá Vaidehi. Ranganayaki sọ àpótí kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Màmá, ẹ ṣé o," Vaidehi ní. "Ẹ la ẹnu, èémí á wọlé."

Ẹ rò pé mò ń purọ́? Ẹ lọ sí Kumbakonam. Ẹ wọ gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn adágún, kí ẹ dúró sábẹ́ fáànù, kí ẹ gbójú sókè. Ìdajì sídai kan ṣì há sáàárín igi àjà níbẹ̀ títí dòní, kò sí ìlà kan lára rẹ̀, ó ń dán bíi péálì. Ẹ lọ fi ojú ara yín rí i. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwo idẹ kan dání o.